Kẹ̀kẹ́ Ilé Wa Lórí Ilẹ̀ Pupa Kétu



Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ wá mọ́ kẹ̀kẹ́ wa. Bí ẹ bá gbọ́ agogo rẹ̀ ní ìdájí, ẹ ó ní, "Katikísì ti ń kọjá." Àwọn mìíràn a sì máa fi wá rẹ́rìn-ín pé, ní ayé tí tọmọdé tàgbà ń gun alùpùpù yìí, kí ni bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ṣì ń wá lórí kẹ̀kẹ́? A kò bínú sí wọn. Lónìí a fẹ́ mú yín rin ọ̀nà tí à ń rìn lójoojúmọ́, kí ẹ lè mọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ wa obìnrin sọ fún wa lójú ọ̀nà náà, tó yí ètò ilé wa padà.

Kí agogo mẹ́fà àárọ̀ tó lù ni a ti ń di ẹrù. Àbíkẹ́yìn a jókòó sórí ọ̀pá iwájú, níbi tí a fi àkísà wé kó má baà dùn ún. Èkejì a jókòó sẹ́yìn, a di ìgbànú wa mú. Àpò ìwé àwọn méjèèjì a rọ̀ sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nítorí bí ẹ bá kó méjèèjì sí apá kan, kẹ̀kẹ́ á máa fà yín lọ sínú kòtò. Ìyá wọn ti gba ọ̀nà ọjà lọ ní tirẹ̀. Ní ìgbà náà, àkọ́bí wa obìnrin a máa fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dé oríta, kó tó yà sí ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí a bá ti já àwọn kékeré sílẹ̀, ó di ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́, ó di abúlé tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní katikísìmù. Lẹ́yìn èyí, ó di ilé.

Lójú ẹni tó ń fi mọ́tò kọjá, ilẹ̀ Kétu tẹ́jú bí ẹní. Ẹni tó bá fi kẹ̀kẹ́ kọjá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ojú rí i; itan nìkan ló ń mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà ọyẹ́, erùpẹ̀ pupa a bo ipénpéjú àti aṣọ funfun. Bí òjò bá dé ní oṣù kẹrin, erùpẹ̀ yẹn kan náà a di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀, a sì gbẹ́ ojú ọ̀nà sí ihò sí ihò.

Síbẹ̀, ilẹ̀ pupa ṣì ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí ni kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Láti Kétu dé Pobẹ̀ lé ní ogójì kìlómítà, ilẹ̀ kòtò Ìsàbà sì wà láàárín, amọ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan bí oje igi. Ní 1914 àti 1915, nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ láti tẹrí ba fún ìjọba Faransé, ẹrẹ̀ yìí wà lára ohun tó gbèjà wọn. Nígbà èwe wa, kí ọ̀dà tó dé ojú ọ̀nà náà, a fi kẹ̀kẹ́ lọ sí Pobẹ̀ ní ọjọ́ òjò. Amọ̀ kún àárín táyà àti irin tó bò ó títí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò fi yí mọ́. A fi igi ha á. A rìn díẹ̀, ó tún kún. Níkẹyìn a gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká. Àgbàlagbà kan tó ń bọ̀ láti oko wò wá, ó ní, "Ọmọ mi, ní ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ìwọ lò ń gùn ún, lónìí òun ló gùn ọ́." Títí di òní, bí kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́nà, ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ni à ń fi tu ara wa nínú.

Ohun kejì tí ilẹ̀ yìí fi ń dán ènìyàn wò ni omi. Gbogbo wa la mọ̀ pé omi jìn nínú ilẹ̀ ní Kétu, àti pé láti ayé àwọn baba wa ni a ti ń gbe omi òjò sínú ìkòkò. Nítorí náà, ní Sátidé, kẹ̀kẹ́ a di aláàárù omi. Bídọ̀n méjì tó ń gba lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n la máa ń so sí ẹ̀yìn, ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan; ẹ ṣírò rẹ̀, àádọ́ta kílò ni. Ẹ kún un dé ẹnu, nítorí omi tí kò kún a máa mì, a sì máa bì yín ṣubú. Ẹ má gùn ún bí ọ̀nà bá dà gẹ̀rẹ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ tì í. Ẹ̀kọ́ yìí ná wa ní bídọ̀n kan àti awọ orúnkún.

Ọ̀nà tí à ń gbà yìí kì í ṣe ọ̀nà àná. Ó ń kọjá nítòsí Akaba Ìdẹ̀nà, ẹnu ibodè odi àtijọ́ tí àwọn àlejò máa ń wá wò. Àwọn ọmọ-ogun Dànhọmẹ̀ fọ́ ìlú náà ní 1886, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tó kù padà wá tún ìlú kọ́. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fa ààlà sí àárín ilẹ̀ Alákétu: Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọ̀hún, Kétu bọ́ sí ìhín. Ṣùgbọ́n ẹbí kò mọ ààlà. Kẹ̀kẹ́ ló gbé ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa lọ sí ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní ọ̀hún, kẹ̀kẹ́ náà ló sì gbé wọn padà. Nígbà tí alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní Kútọnu àti ní Pọ́ọ̀tọ̀-Nóvò, orúkọ kẹ̀kẹ́ náà ló jogún. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ìsàlẹ̀ fi ń pe ẹni tó ń fi alùpùpù kérò ní "kẹ̀kẹ́nọ̀", èyí tí í ṣe oníkẹ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Àkọ́bí wa gba ìwé ẹ̀rí CEP, inú wa dùn, ó wọ kíláàsì 6ème. Ilé ẹ̀kọ́ tuntun náà wà ní ìpẹ̀kun ìlú kejì: kìlómítà mẹ́fà ní àlọ, mẹ́fà ní àbọ̀. A rò pé ọmọ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ á rìn ín. Ní Ọjọ́bọ̀ kan tí ara àwọn kékeré kò yá, a pàdé rẹ̀ lọ́nà ní ìrọ̀lẹ́, ó sì jókòó sí ẹ̀yìn wa. A ti wa kẹ̀kẹ́ jìnnà díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró sílé. N ó máa bá Màmá tajà."

A kò lè rí ojú rẹ̀. A bi í pé kí ló dé. Ó ní agogo méje ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, òun sì ti dúró níta ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ náà. A ní ṣé kò lè tètè jáde ni? Ó ní òkùnkùn ṣì máa ń wà. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Bùọ̀dá kan wà tó máa ń fi alùpùpù dúró dè mí. Ó ní òun á máa gbé mi. Kò gba owó."

Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ohun tí gbólóhùn kékeré yẹn ru. Ọmọ wa mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a sì ń jẹun nínú ilé kan náà. Ẹ̀yìn wa ló sọ ọ́ fún, kì í ṣe ojú wa. Bóyá nítorí pé ojú bàbá ń ba ọmọ lẹ́rù, tí ẹ̀yìn bàbá kò sì ba á lẹ́rù.

Ní alẹ́ náà a ro ó pẹ̀lú ìyá wọn. A ti ń dá àjọ fún ọdún méjì láti ra alùpùpù, kí ẹsẹ̀ wa lè sinmi lójú ọ̀nà abúlé. Ìyá wọn gbọ́ tẹnu wa tán, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ọ̀nà ń ṣú mọ́ jù?" A kò rí èsì kankan fún un. Nígbà tí àjọ kàn wá, a ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan nínú àwọn tó ń ti Yúróòpù wá, èyí tí ọ̀pá àárín rẹ̀ rẹlẹ̀, kí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ má baà dí i lọ́wọ́. Owó tó kù di ti ìwé àti ti oúnjẹ. Ìdí nìyí, ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, tí katikísì yín fi ṣì ń wa kẹ̀kẹ́.

Àwọn kan sọ fún wa pé kẹ̀kẹ́ kò yẹ ọmọbìnrin. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà. Ní ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà, láti 2006 ni ìjọba ti ń fún àwọn ọmọbìnrin tó wọ kíláàsì kẹsàn-án ní owó láti fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé iye àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ kíláàsì náà ní àsìkò fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ jìnnà sí ló jàǹfààní jù. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọmọbìnrin kò fẹ́ ìwé. Ọ̀nà ló gùn.

A kọ́ ọmọ wa ní gígùn rẹ̀ ní pápá bọ́ọ̀lù, ó ṣubú, ó dìde. Ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kó gbé e lọ títí ó fi mọ bí a ti ń lẹ táyà, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò dúró de aláàánú, kì í sì í ṣe gbogbo aláàánú ló dára. Yọ táyà, fa túùbù jáde, fọn afẹ́fẹ́ sí i, tì í bọ omi. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Nu ún gbẹ, fi yanrìn ha á, fi gọ́ọ̀mù sí i, dúró kó gbẹ díẹ̀, kí o tó lẹ̀ ẹ́. Kí o tó dá a padà, fi ìka wá inú táyà yíká, nítorí ẹ̀gún tó gún un lẹ́ẹ̀kan lè ṣì wà níbẹ̀.

Ó ti wọ kíláàsì 4ème báyìí. Kìlómítà mẹ́fà tó ń gbà á ju wákàtí kan lọ ti di nǹkan bí ìdajì wákàtí. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló jọ ń lọ, ọ̀kan nínú wọn lórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. A kò sọ pé ìyọnu tán: ní ọjọ́ òjò, ẹrẹ̀ ṣì ń dá wọn dúró, ṣéènì sì já lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n kò dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́, bùọ̀dá yẹn kò sì rí ẹni dúró dè mọ́.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jẹ́ kí a mú ohun méjì lọ sílé. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá ní ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jìnnà, ẹ bi í bó ṣe ń débẹ̀ àti ẹni tó ń gbé e. Kí ẹ sì wá ibi tí ẹ̀yin àti òun nìkan yóò wà, tí yóò fi lè dáhùn. Èkejì, bí owó kẹ̀kẹ́ bá ju agbára ilé kan lọ, kí ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún dá àjọ, kí wọ́n máa ra ọ̀kan fún ọmọ kan ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Àwa ti ṣetán láti wà nínú irú àjọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bá wa lẹ́yìn Mísà. Ẹ ó rí wa lábẹ́ igi, níbi tí a gbé kẹ̀kẹ́ tì.

Ẹ kú ọjọ́ Olúwa o.