Adéwálé Tí Kò Wálé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ orúkọ Adéwálé nínú eré fídíò tí òyìnbó ṣe, kò ní ṣàì dẹtí sílẹ̀, yóò sì fẹ́ mọ ilé tí wọ́n wò. Inú Assassin's Creed, eré ìjà tí ilé-iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, ni Adéwálé ti jáde. Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ fi àléébù ìtàn eré náà hàn.

Kì í ṣe pé àwọn tí ó kọ ọ́ kò mọ ìtàn sọ. Ní ọdún 2009, wọ́n dá Ezio, ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú Florence tí kò mọ̀ ju fàájì lọ. Wọ́n yẹgi fún bàbá rẹ̀ àti arákùnrin rẹ̀ méjì lójú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé Constantinople nínú eré ọdún 2011, ẹni tí ń wá ẹ̀san ti di àgbà tí ń wá ọgbọ́n. Ìrora rẹ̀ ni ó ń ti àhunpọ̀ ìtàn síwájú.

Ìṣòro dé pẹ̀lú Connor, ọmọ ẹ̀yà Mohawk, ní ọdún 2012. Ó fẹ́ dáàbò bo ilẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ di ìránṣẹ́ ìtàn Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n da tíì sí omi ní Boston ní ọdún 1773, ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1775, ó gbé Paul Revere sẹ́yìn ẹṣin, Revere sì ń júwe ọ̀nà fún un. Bí wọ́n bá yọ Connor kúrò, tíì náà yóò ṣì dà sómi.

Ti Adéwálé kò rí bẹ́ẹ̀. Oko ẹrú ní Trinidad ni wọ́n bí i sí. Nínú Freedom Cry, ìtàn kúkúrú tí wọ́n fún un ní ọdún 2013, ó ń tú ẹrú sílẹ̀ ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tí ó di Haiti lónìí. Ọkọ̀ ẹrú kan rì lójú rẹ̀, kò sì lè gba gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ là. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, ẹ̀wọ̀n yóò wà lọ́rùn àwọn tí ó gbà là. Olú ẹ̀dá ìtàn nìyẹn.

Síbẹ̀, eré náà ń ka iye ẹni tí ó tú sílẹ̀ láti fi ṣí ohun ìjà tuntun fún un. Àwọn tí wọ́n ti kà bí owó lọ́jà ẹrú ni wọ́n tún kà bí owó. Ní ọdún 2014, nínú Rogue, wọ́n jẹ́ kí Shay Cormac pa Adéwálé, kí ìtàn Shay lè rìn.

Irú ìtàn báyìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wọ kíláàsì. Olùkọ́ tí ń kọ́ wọn ní ìfìwàwẹ̀dá lè bi wọ́n pé: kí ni ẹ̀dá ìtàn yìí ń fẹ́, kí ni yóò sì yí padà bí kò bá sí níbẹ̀? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn yóò mọ ìdí tí Adéwálé kò fi délé.