Etíkun Bàhíà: Níbi Tí Owó Àkàrà Ti Ra Ẹrú Padà

 Ìlú Salvador ní Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Brazil, ni mo fẹ́ mú yín lọ lọ́sẹ̀ yìí. Òdìkejì òkun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ó gbọ́ òórùn epo pupa kí ẹ tó rí ẹni tó ń din nǹkan.

Etíkun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Porto da Barra. Kò tóbi rárá. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ̀ wọnú bí apá ìyá tó gbọ́mọ mọ́ra. Yanrìn rẹ̀ mọ́, omi rẹ̀ sì rọra ń mì, kì í ṣe bí ìgbì òkun Èkó tó ń bú ramúramù. Ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, nítorí náà ojú yín báyìí ni oòrùn ṣe máa wọ̀ sínú omi nírọ̀lẹ́. Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn èèyàn a tún pàtẹ́wọ́ fún un!

Odi ogun àtijọ́ méjì ló ṣọ́ ibẹ̀, Santa Maria àti São Diogo. Àwọn Potogí ló kọ́ wọn. Ibẹ̀ ni gómìnà wọn àkọ́kọ́, Tomé de Sousa, gúnlẹ̀ sí ní 1549 láti tẹ ìlú náà dó. Ẹ rìn síwájú díẹ̀, ẹ ó rí odi kẹta tó ní ilé iná gogoro. Láti 1698 ni wọ́n ti ń tanná fún ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀.

Àmọ́ kí ẹwà yìí má tàn yín jẹ. Inú apá òkun yìí kan náà ni ọkọ̀ ẹrú ń gbà wọlé. Àìmọye ọmọ Yorùbá ni ogun kó, tí wọ́n tà síbẹ̀. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Lókè ìlú, àdúgbò kan ń jẹ́ Pelourinho. Òpó tí wọ́n ń so èèyàn mọ́ nà lẹ́gba nìtumọ̀ rẹ̀. Ní January 1835, àwọn Nàgó tó jẹ́ Mùsùlùmí dìde láti gba ara wọn. Ìjọba pa nínú wọn, ó sì lé àwọn mìíràn padà sí Áfíríkà. Nínú àwọn tó padà wálé láyé ìgbà náà la ti rí àwọn Àgùdà tó tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà l'Ékòó. Ó di 1888 kí Brazil tó fòpin sí oko ẹrú.

Ibi tọ́rọ̀ ti kan ẹ̀yin ọlọ́jà rèé. Àwọn obìnrin tó wà lóko ẹrú ń kiri oúnjẹ nígboro, àkàrà wà lára rẹ̀. Wọ́n á kó èyí tó pọ̀ fún olówó wọn, wọ́n á tọ́jú ìyókù. Kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan fi ra ara wọn padà, tí wọ́n tún ra ọmọ wọn.

Wọ́n ṣì ń din ín títí dòní. Acarajé lorúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Aṣọ funfun, gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn alákàrà máa ń wọ̀. Wọ́n á la àkàrà láàárín, wọ́n á fi edé gbígbẹ àti ata há a. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ ní "quente", ata ni wọ́n ń wí o, kì í ṣe pé bóyá ó gbóná!

Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé 2014 ń bọ̀, òfin FIFA fẹ́ lé wọn kúrò nítòsí pápá Fonte Nova. Wọn ò gbà. Wọ́n ṣe ẹgbẹ́ wọn ní ọ̀kan, wọ́n kọ̀wé ẹ̀hónú, wọ́n kó èèyàn jọ fọwọ́ sí i. Ní 2013, wọ́n gba díẹ̀ nínú wọn láyè láti tà ní ọgbà pápá náà.

Ẹ̀yin alákàrà tí wọ́n ń lé kúrò ní títì lójoojúmọ́, ẹ gbọ́ o: ẹnì kan ò lè dá a ṣe, ẹgbẹ́ ló lè ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ Àgùdà náà, ẹ kọ ohun tí bàbá ńlá yín sọ nípa Bàhíà ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà wa. A ń retí yín.