Ọjọ́ Kan ní Ọjà Àràròmí, Agodi Géètì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọjà ní ìlú Ìbàdàn, Bódìjà, Ọjà-Ọba, Dùgbẹ̀ àti Gbági ni àwọn ìyá wa máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ata, èlùbọ́, ẹran àti aṣọ ọdún. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà tí obìnrin kì í sáàbà gbé agbọ̀n lọ, bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí irú rẹ̀, yóò ṣòro kí èlùbọ́ tó dé Bódìjà rárá. Ọjà Àràròmí ni, ní Agodi Géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀.

Ariwo ni yóò kọ́kọ́ pàdé àlejò níbẹ̀. Irin ń lu irin, ọmọ kẹ̀kẹ́ ẹrù ń ké pé kí a yà fún òun, àwọn tí ń wá oníbàárà sì ń béèrè irú ọkọ̀ tí ẹ ní kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Bẹ́líìtì dúdú so rọ̀ níwájú ìsọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kó ti òkè òkun dé wà nílẹ̀ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú nítorí epo tí ó ti ń kán sí i láti ọdún pípẹ́. Síbẹ̀, bí ládáànì bá ti pe ìrun, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ họ epo kúrò lọ́wọ́ àti lábẹ́ èékánná kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá, nítorí omi gbọ́dọ̀ kan awọ ara.

Alájà kan tí ń kó èlùbọ́ láti Ìṣẹ́yìn wá sí Bódìjà ni ó mú wa dé ọjà yìí. Ọkọ rẹ̀ ti jáde láyé. Nínú ohun tí bàbá náà fi sílẹ̀ ni ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Toyota Hilux kan tí ń lo díísù. Gẹ́gẹ́ bí òfin ogún wa, ìpín ti ìyàwó wà nínú ọkọ̀ náà, ìpín ti àwọn ọmọ mẹ́rin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ọmọ náà kò sì tíì dàgbà. Nítorí náà, ọkọ̀ yìí kì í ṣe ti Alájà nìkan. Àmáánà ọmọ òrukàn wà nínú rẹ̀, gbogbo kọ́bọ̀ tí ó bá sì ná lé e lórí, yóò jíhìn rẹ̀ níwájú Ọlọ́run Ọba.

Lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Mọníyà, tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 65, ni ohùn ọkọ̀ ti yí padà. Ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ láti òkè orí ẹ́ńjìnnì, èéfín ń rú, kò sì lè gun òkè mọ́ pẹ̀lú ẹrù. Àwọn kan ní kí Alájà tà á fún àwọn oní-irin àlòkù. Àwọn mìíràn ní kí ó yá owó kí ó ra odidi ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí ọgbà rẹ̀ kò jìnnà sí Géètì ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì náà, ó pe Alájà wò ó, ó ní, “Ìyá mi, ẹ fi ọwọ́ kàn án. Kámúṣáàfù ló ti jẹ, àwọn tápẹ́ẹ̀tì náà sì ti jẹ pẹ̀lú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì dára.”

Ó yẹ kí a ṣàlàyé fún àwọn ìyá wa. Ẹ́ńjìnnì díísù kò ní ohun tí ń ṣẹ́ iná sí epo bí ti ọkọ̀ pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tẹ̀ mọ́ra títí yóò fi gbóná gidigidi, nígbà náà ni yóò wá fọ́n epo sí i, tí iná yóò sì ràn fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ni ó ṣe irú rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọdún 1897, orúkọ rẹ̀ ni àwa sì ń pe epo náà títí di òní. Kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kí èéfín sì lè jáde, ilẹ̀kùn kéékèèké wà lórí ẹ́ńjìnnì, tí à ń pè ní fáàfù. Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Alájà, tí wọ́n ń pè ní 3L, mẹ́jọ ni fáàfù wọ̀nyí.

Kámúṣáàfù ni ó ń ṣí wọn. Ẹ ronú kan ọ̀pá irin tí a to ẹyin adìyẹ mẹ́jọ sí lára, tí ẹnu ṣóńṣó ẹyin kọ̀ọ̀kan kọjú sí ọ̀nà tirẹ̀. Lábẹ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan ni ife irin kékeré kan wà tí a dojú rẹ̀ dé. Ife náà ni tápẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀pá bá ti ń yí, ṣóńṣó ẹyin yóò tẹ ife mọ́lẹ̀, fáàfù yóò ṣí, bí ó bá sì kọjá tán, sípíríìnì yóò dá a padà. Bí ṣóńṣó ẹyin bá ti jẹ, fáàfù kò ní ṣí tó, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé tó, ọkọ̀ kò sì ní lágbára.

Kí ni ó jẹ ẹ́? Ọ́ìlì ni. Irin ni ó ń fi orí ra irin níbẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọ́ìlì nìkan ni ó sì là wọ́n láàárín. Lẹ́yìn ikú bàbá àwọn ọmọ, awakọ̀ tí wọ́n gbà ń bu ọ́ìlì kún èyí tí ó ti dúdú, kò pààrọ̀ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá mẹkáníìkì yọ okùn bátìrì, ó yí ẹ́ńjìnnì títí àmì ara rẹ̀ fi ṣe déédéé, ó sì bọ́ bẹ́líìtì táímìnnì. Ìdérí márùn-ún ni ó di ọ̀pá náà mú. Kò tú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìkángun méjèèjì ni ó ti ń dẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀ wá sí àárín, nítorí àwọn sípíríìnì ń ti ọ̀pá náà láti ìsàlẹ̀, bí a bá sì kánjú, ó lè ṣẹ́. Páálí ẹyin ni ó to àwọn tápẹ́ẹ̀tì sí, ó kọ nọ́ńbà sí ojú kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà dàpọ̀. Ó ní iṣẹ́ yìí rọrùn ju ti àwọn píkọ́ọ̀pù ńlá ará Amẹ́ríkà kan lọ. Nínú Dodge tí ń lo ẹ́ńjìnnì Cummins, inú ikùn ẹ́ńjìnnì ni kámúṣáàfù wà. Ènìyàn ní láti tú gbogbo iwájú ọkọ̀, kí ó sì fi àwọn ọ̀pá igi gbé tápẹ́ẹ̀tì dúró lókè kí ọ̀pá náà tó lè yọ.

Lẹ́yìn náà, ó fi àkísà wé kámúṣáàfù àtijọ́, a sì gba ọjà lọ kí a lè fi wé tuntun. Mẹ́ta ni ìsọ̀ kan gbé kalẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́ wà nínú páálí tuntun tí ó ń dán, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ṣi orúkọ ilé iṣẹ́ kọ sára páálí náà, ara irin rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀, ó mọ́ lójú, Alájà sì ti na ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tà á fi àkísà nu ọ́ìlì ara rẹ̀, ó fa èékánná kọjá lórí ojú kẹta, ó ní, “Alájà, ẹ má bínú. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń há èékánná? Ó ti jẹ níhìn-ín. Mo lè tà á fún yín, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fi hàn yín ná.”

Alájà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, bí èlùbọ́ tútù tí a fi gbígbẹ bò lórí ni èyí ì bá rí.” Gbogbo wa ni ó mọ ohun tí ó ń tọ́ka sí, nítorí Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ ní ọjà rí, ó bá ìtutù nísàlẹ̀, ó sì kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí ń tà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ì bá ti dákẹ́, owó rẹ̀ ì bá sì ti wọ àpò.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ojúlówó, ó sì wọ́n ju èyí tí Alájà mú dání lọ. Ó tún ku tápẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, nítorí ọ̀gá kò gbà kí a fi tápẹ́ẹ̀tì tí ó ti jẹ sábẹ́ kámúṣáàfù tuntun. Wọn a máa jẹ ara wọn ni. Alájà ní bí òun bá ra èyí tí kò dára, owó àwọn ọmọ ni òun fi ṣòfò. Ó san ohun tí ó ní, ọmọ ọjà náà sì gbà kí ìyókù di oṣù méjì. Wọ́n kọ gbèsè náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò san án, gẹ́gẹ́ bí Àlùkùránì ti pa á láṣẹ, àwa tí a bá a lọ sì jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí a padà, ọ̀gá da ọ́ìlì mímọ́ sí gbogbo ojú ọ̀pá náà, ó tò ó sílé, ó sì ń di ìdérí láti àárín lọ sí ìkángun. Lẹ́yìn náà ni ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọn àlàfo tí ó wà láàárín ojú ọ̀pá àti tápẹ́ẹ̀tì. Ti afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín mìlímítà 0.20 sí 0.30, ti èéfín láàárín 0.40 sí 0.50, nítorí fáàfù èéfín a máa gbóná jù, a sì máa gùn sí i. Mẹ́ta kò bá ìwọ̀n mu. Ọmọ iṣẹ́ sáré padà sí Àràròmí lọ pààrọ̀ ṣíìmù, irin pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ tí ń jókòó lórí ife náà.

Ó fi bẹ́líìtì tuntun sí i, ó sì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì ní ìlọ́po méjì kí ó tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, kí fáàfù má baà kọlu písítìnnì. Ó pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alaásàrì ni wọ́n ta á. Kẹ́kẹ́kẹ́ àtijọ́ kò sí mọ́. Ọ̀gá kó tápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú ọ̀rá fún Alájà pé kí ó gbé e délé. Nígbà tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ti san gbèsè tán.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ọkọ̀ ń bẹ lábẹ́ ìtọ́jú yín, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ẹ kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì àti iye kìlómítà rẹ̀ sínú ìwé kan. Bẹ́líìtì irú ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá kìlómítà 100,000. Bí ẹ bá san owó ẹ̀yà tuntun, ẹ gba ti àtijọ́ sọ́wọ́. Bí ẹ bá sì rí ọlọ́jà tí ó fi àléébù ọjà rẹ̀ hàn yín, ẹ di oníbàárà rẹ̀. Kí Ọlọ́run Ọba fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí Ó sì ràn wá lọ́wọ́ lórí àmáánà tí ó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.