Ìyá Ìbejì, Nítorí Owó Orin Àdúgbò Wa

Ìdúmàgbò,
Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Bàbá Ìbejì ńkọ́? Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́, ṣé òtútù London ti mọ́ wọn lára?

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Lẹ́tà ni mo kúkú fẹ́ fi dá ọ lóhùn, torí ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ gba àlàyé, ó sì yẹ kí o rí nǹkan kà fún àwọn ará wa tó wà ní Peckham nígbà tí ẹ bá pàdé. O ní wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń gba owó tó báyìí nínú ọdún orin àdúgbò wa, nígbà tó jẹ́ pé ojú títì la ti ń ṣe é, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin sì jẹ́ ọmọ tí a jọ bí. Wọn ò jẹ̀bi. Ẹni tó bá dáwó, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó béèrè.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí owó ń bá lọ. Àwọn èèyàn rò pé olórin ló ń kó o. Rárá o, iná ni. O mọ̀ pé a ò lè gbójú lé iná NEPA fún orí ìtàgé. Tó bá lọ láàárín orin, tó sì padà dé pẹ̀lú agbára òdì, gbohùngbohùn olóhun ti jó nìyẹn, àwa la ó sì san án. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ méjì la máa ń háyà, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń dúró dè é. Kí Ààrẹ tó kéde ní May 29, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan kò tó ₦200 ní Èkó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó fò dé nǹkan bíi ₦500. Nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá ₦1,000. Ẹni tó ń kó gbohùngbohùn wá ń ra epo sọ́kọ̀, ẹni tó ń kó kánópì àti àga wá ń ra epo, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá ń ra epo, gbogbo wọn ló sì ń gbé e lé wa lórí. Páùn tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ ń di náírà púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́, láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní June 2023, ṣùgbọ́n orí epo ni ìyàtọ̀ náà ń parí sí.

Ìwé àṣẹ náà wà níbẹ̀. Lagos State Safety Commission fẹ́ mọ ètò ààbò wa kí àwọn èèyàn tó pé jọ. Àjọ LASAA tó ń rí sí ìpolówó ń gbowó lórí báńà tí a bá gbé kọ́. Ọkọ̀ aláìsàn gbọ́dọ̀ dúró nítòsí, a sì ń háyà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń gbé kiri. Mi ò ráhùn lórí ìwọ̀nyí. Ìwọ náà mọ bí òpópónà wa ṣe fún tó, bí ilé ṣe so mọ́ ilé. Bí èrò bá rọ́ lu ara wọn níbẹ̀, kò sí ibi tí ọmọ kékeré máa gbà sá. Owó ààbò ni mo máa ń kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, kí n tó mọ iye tó kù fún ìlù.

Ó wá ku ibi tí owó ti ń wọlé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà níwájú mi báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ lásán ni, mo fi rúlà pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí méjì, ohun tó wọlé lápá òsì, ohun tó jáde lápá ọ̀tún. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ ti ọdún yìí, ìlà kan wà tí epo ti kàn. Ti màmá tó ń dín àkàrà ní ẹnu ọ̀nà wa ni. Ó mú ₦500 wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òróró ti rin ín. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo fẹ́ jù ú sínú àpò kí n kọ ọ́ tó bá yá. Màmá ò lọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó ní, "Kọ orúkọ mi kí n rí i." Mo kọ ọ́. Ó fi ìka tẹ ibi tí orúkọ rẹ̀ wà, ó wò ó títí kó tó padà sídìí agbada rẹ̀. Ìyá Ìbejì, láti ọjọ́ náà, mi ò tún gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n má kọ ọ́ lójú rẹ̀.

Dídá owó jọ fún orin kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Gbọ̀ngàn Glover tí a máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́, owó tí àwọn ará Èkó dá ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìrántí Gómìnà Glover, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Nàìjíríà ní August 1903. Àwọn ọmọ oníwéré tó ń jí wa sààrì nínú ààwẹ̀ ńkọ́? Síkírù Àyìndé Barrister, kó tó di ọ̀gá nínú fújì, ìdí wéré ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé. Kò sí ilé iṣẹ́ ọtí tó gbé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ dìde. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n dúró sí lù ló bọ́ wọn. Àwọn Àgùdà náà ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú eré ọdún Fanti wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ dá sí i gan-an ní ọdún Àjíǹde 2025, ṣùgbọ́n kí ìjọba tó wá ni Campos, Lafiaji, Òkè Pópó àti Epetedo ti ń yan aṣọ, tí wọ́n ń yan àwọ̀, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń tọwọ́ bọ àpò ara wọn. Ohun tó jẹ́ kó wà títí di òní nìyẹn lójú tèmi.

Àwa náà ń ta aṣọ. Ká ní a ra aṣọ kan ní ₦8,000 ní ọjà Balógun, tí a tà á ní ₦10,000, tí 300 èèyàn sì rà á, ₦600,000 ló wọlé fún ẹgbẹ́ láìsí pé a bẹ ẹnikẹ́ni. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: ₦2,400,000 la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà fún aláṣọ kí a tó rí aṣọ gbé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Níbo la ti fẹ́ rí i? Ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an ni. Ìṣòro wa kì í ṣe pé owó kéré. Ìṣòro wa ni pé owó máa ń pẹ́ dé. Gbogbo ohun tí à ń rà, àsansílẹ̀ ni. Ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ ń gba ìdajì kó tó fi ọjọ́ náà sílẹ̀ fún wa, ẹni tó ni ìtàgé bẹ́ẹ̀, ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀. Oṣù Kejìlá la ń ṣeré, oṣù Kẹsàn-án ni owó ti gbọ́dọ̀ máa jáde, torí gbogbo Èkó ló ń ṣe ìnáwó ní December, ẹni tó bá pẹ́ ló ń sanwó méjì. Àmọ́ ọjọ́ eré gan-an ni inú àwọn èèyàn máa ń dùn tí wọ́n á sì ná an. Owó tó dé lọ́jọ́ eré, gbèsè ló ń san. Owó tó dé ní oṣù Kẹsàn-án ló ń ra nǹkan. ₦5,000 tó bá tètè dé wúlò fún mi ju ₦20,000 tó dé nígbà tí onílù ti ń sọ aṣọ sórí ìlù.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń lẹ mọ́ olórin níwájú orí náà. Àpò olórin ló ń wọ̀, kì í wọ inú ìwé mi, síbẹ̀ ó máa ń ràn wá lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Olórin á gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ torí ó mọ̀ pé àdúgbò wa máa ń náwó fún òun lórí ìtàgé. Ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ló kọ́kọ́ bà á jẹ́, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà tí owó bébà sì di ohun àwátì. Ṣé èèyàn lè fi tiránsífà jó níwájú olórin ni? Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òfin báǹkì àpapọ̀ (CBN) ti ọdún 2007 jáde. Ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́: ẹni tó bá fọ́n náírà tàbí tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Kò sẹ́ni tó kà á sí, àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù 6 ní April 2024. Láti ìgbà náà ni ojú ti là. Àwọn olórin náà mọ ìṣirò: ohun tí wọn ò bá rí lórí ìtàgé mọ́, wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kó sì pé kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó ń lu dùndún náà ń san owó ilé ìwé ọmọ.

Mo mọ̀ pé wọ́n á béèrè lọ́dọ̀ yín pé kí ló dé tí a ò gba owó ìwọlé. Ibi tó bá ní ògiri ni wọ́n ti ń gbà á. Freedom Park tí wọ́n ṣí ní October 2010, ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ade Bantu àti àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò orin Afropolitan Vibes níbẹ̀ ní 2013, wọ́n ní ibi tí èrò ń gbà wọlé, ẹgbẹ́ olórin BANTU fúnra wọn ló sì ń lu ohun èlò fún àlejò tó bá wá kọrin. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, kò sídìí láti sanwó fún ẹgbẹ́ onílù mẹ́rin lálẹ́ kan. A ti fi ọgbọ́n yẹn ṣe tiwa: ẹgbẹ́ onílù kan ló ń lù fún gbogbo àwọn ọmọ kéékèèké tó fẹ́ kọrin. Ṣùgbọ́n títì ò ní ògiri. Mi ò lè ní kí èèyàn sanwó kó tó kọjá níwájú ilé bàbá rẹ̀.

Ohun tí mo rò pé a lè kọ́ wà ní Ségou, ní orílẹ̀-èdè Mali. Láti 2005 ni Mamou Daffé, tó ń ṣòwò ilé ìtura, ti ń ṣe àjọ̀dún orin ńlá létí odò Ọya níbẹ̀. Ẹni tí àlejò máa sùn sílé rẹ̀ ni orin ń mú èrè wá fún, òun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ àpò. Ta ni orin ń mú èrè wá fún ní Ìsàlẹ̀ Èkó? Àwọn tó ń ta ọtí àti ẹran sísun, àwọn tó ń fi àyè ilé gba ọkọ̀ sí. A ti ń bá wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n máa dá àjọ fún un láti oṣù Kẹta, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá ti ara wọn. Alájọ àdúgbò ló ń gbà á, ó ń kọ ọ́ sí káàdì, ó sì ń kó o wá fún mi lóṣooṣù. Àwọn ọlọ́tí ti gbà. Àwọn tó ń gba ọkọ̀ sí ṣì ń fa ẹsẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti àwọn ẹni ńlá náà, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ yín pé ká lọ bá òṣèlú. A ti bá ọ̀kan ṣe é rí. Ó ní òun máa gbé gbogbo ìnáwó. Inú wa dùn, a sọ fún àwọn onílé pé kí wọ́n má dáwó lọ́dún náà. Àwòrán rẹ̀ bo ìtàgé débi pé a ò rí onígángan. Ó pẹ́ kó tó dé, ó gba gbohùngbohùn, ó sọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọ tó ti ń dánra wò láti oṣù mẹ́ta kò fi rí àyè kọrin. Ìdajì owó náà ni a rí. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọdún kejì: nígbà tí a padà kan ilẹ̀kùn àwọn onílé, wọ́n ní, "Ẹ lọ bá ọ̀gá yín." Ó gbà wá ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó tún gbà pé tiwọn ni nǹkan yìí. Nítorí náà, bí ẹni ńlá bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kó mú owó wá bí onílé yòókù, kí n kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà kan lábẹ́ ti màmá alákàrà. Ìlà kan ni ẹnikẹ́ni máa gbà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi sọ fún wọn ní Peckham nìyí. Kí wọ́n má dúró de ìgbà tí wọ́n bá wọ bàálù bọ̀ wálé fún ọdún. Kí owó wọn ti dé kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, ì báà jẹ́ páùn márùn-ún. Kí ẹ kó o jọ sọ́wọ́ ẹnì kan kí ẹ tó fi ránṣẹ́, torí bí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ìfiránṣẹ́ máa jẹ nínú rẹ̀. Kí orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé tí ẹ máa kọ tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tó bá wọlé, mo máa ya àwòrán ojú ewé náà sí ọ, kí kálukú wá orúkọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn eré, ní Sunday tó tẹ̀ lé e, a máa ka gbogbo ìwé náà sétí àdúgbò láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́, a lè pè yín sórí fóònù kí ẹ máa gbọ́ ọ bọ̀.

Kí n tó gbàgbé, fi ìwọ̀n Táyé àti Kẹ́hìndé ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yìí. Aláṣọ ní ti àwọn ọmọdé kò pọ̀ lọ́wọ́ òun, mo sì fẹ́ gbé tiwọn pa mọ́ kí ó tó tán. Bá mi kí Bàbá Ìbejì dáadáa.

Èmi ni tìrẹ tọkàntọkàn,
Ìyá Wálé