Orí Ẹni Tí Ó Mọ Alùpùpù Gùn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ tí ń gun alùpùpù lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko: wọ́n ní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gùn ni àṣíborí wà fún. Ẹni tí ó ti gùn ún fún ogún ọdún láìṣubú ni ó sì máa ń fọwọ́ sọ̀yà jù. Kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, nítorí òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1935, T. E. Lawrence, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ń gun alùpùpù Brough Superior rẹ̀ lọ ní ẹkùn Dorset. Ògbólógbòó ni nídìí ìgùn. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ méje ni ó ti ní. Ní ibi tí ọ̀nà ti rì sísàlẹ̀, ó ṣàdédé bá ọmọdékùnrin méjì lórí kẹ̀kẹ́. Ó yà fún wọn, ó sì ṣubú. Kò dé ohunkóhun lórí. Ọjọ́ kẹfà ni ó kú, lẹ́ni ọdún 46. Àwọn ọmọ náà yè. Ìmọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ni à bá tún bi í?

Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ ni Hugh Cairns, ọmọ Australia, oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ. Ní 1941, Cairns kọ̀wé lórí orí fífọ́ àwọn tí ń gun alùpùpù. Láàárín oṣù 21 àkọ́kọ́ nínú ogun Hitler, 2,279 ènìyàn ni ó ti kú lórí alùpùpù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn tí ó rí tí wọ́n fara pa, méje péré ni ó dé àṣíborí, kò sì sí èyí tí ó kú nínú wọn. Méje kò pọ̀ tó láti fi dájọ́, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, a ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń gun alùpùpù lẹ́nu iṣẹ́ pé kí wọ́n máa dé e. Fún ará ìlú, ó di 1973.

Kí a má ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ẹ̀kọ́ níye lórí. Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ìjàǹbá alùpùpù 900 ní agbègbè Los Angeles. Ìwé wọn, tí ó jáde ní 1981, fi hàn pé nǹkan bí 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó kàn ni kò gba ẹ̀kọ́ gidi: wọ́n kọ́ ara wọn ni, tàbí kí ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ kọ́ wọn. Nígbà tí ewu dé, ẹsẹ̀ wọn tẹ bíréèkì ẹ̀yìn títí táyà fi ń yọ̀, wọn kò sì lo ti iwájú tó. Olùkọ́ tí ó bá ka èyí yóò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ní Nàìjíríà, oṣù Kìíní ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí. Àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò ń bẹ̀rù pé ẹnìkan lè ti fi oògùn sínú àṣíborí tí gbogbo ayé ń dé. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ owó àṣíborí kì í ṣe kékeré lójú ẹni tí ń wá owó oúnjẹ òòjọ́.

Ẹni tí àwọn afọwọ́sọ̀yà kì í mẹ́nu kàn ni ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn wọn. Ìmọ̀ ogún ọdún wà lọ́wọ́ bàbá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó dì mọ́ ọn níbàdí kò ní kankan níbẹ̀. Àṣíborí bàbá a sì máa yí lórí ọmọ bí ìkòkò. Bí a kò bá so okùn rẹ̀ mọ́ ọn lágbọ̀n, yóò ti fò lọ kí orí tó kanlẹ̀.