Ààrò Ìyá Mi ní Agbabu

Ẹ gbọ́ ná, mo lọ mú ìyá mi wá sí Ìbàdàn ni. Ó ti lé ní ẹni 80 ọdún, òun nìkan ló sì ń dá gbé.

Ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́. Ní ìdájí, ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ ló jí mi. Kí n tó bọ́jú, iná igi ti ń jó, omi ìwẹ̀ ti gbóná, ẹ̀kọ mímu ń hó lórí ààrò. Ó ní ètè mi ti là, ó sì fi òrí pa á. Èmi baba ọlọ́mọ mẹ́rin! Mo kàn gbé ẹnu sílẹ̀ ni.

Nígbà tí oòrùn mú, ọ̀dà ilẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní bitumen rọ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ nítòsí kànga tí wọ́n gbẹ́ ní 1910. Mo ní kí wọ́n fún mi ní kẹrosíìnì. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó fi epo pupa ra á, ó fi àkísà nù ún kúrò.

"Màmá, ẹ ò tíì di ẹrù."

"Bàbá Bọ́lá, bí o bá tún wálé, ta ni yóò dáná fún ọ?"

Mo la igi fún un títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi nìkan ni mo wọ mọ́tò lọ́jọ́ kejì.