Ọjọ́ Méjì Lọ́dọ̀ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Agbowó láàárọ̀ yóò rí i pé ọjà ló ń kọ́kọ́ kí àlejò ní Yunifásítì Ìbàdàn, kì í ṣe ìwé. Àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, àwọn tó ń din àkàrà, àwọn tó ń tún fóònù ṣe, gbogbo wọn ló kọjú sí ẹnubodè ńlá náà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti dá títì kọjá tó wọ inú ọgbà, ariwo á rọlẹ̀, igi á pọ̀ sí i, ilé gogoro aago á sì yọ lókèèrè. Ọjọ́ méjì ni mo lò níbẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò ìyá mi, tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ Ìtàn, tó sì ń kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú mọ́ ọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ka irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ mọ ìbéèrè tí wọ́n fi ń kí akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn nílé: "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Èdè Yorùbá ni mo kà ní tèmi, wọn kò sì tíì dẹ́kun bíbi mí. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò mi mẹ́fà tí a jọ jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ kìn-ín-ní, mẹ́rin ló ní ìmọ̀ Òfin ni àwọn yàn nínú ìdánwò JAMB, Ìtàn ni wọ́n fún àwọn. Ọ̀kan nínú wọn kò sọ fún bàbá rẹ̀ títí ó fi wọ ọdún kejì. Lẹ́yìn tí ìjọba tún ìlànà ẹ̀kọ́ ṣe ní ọdún 2007, ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìtàn kò fi dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, nítorí náà púpọ̀ nínú wọn kò jókòó ní kíláàsì Ìtàn rí kí wọ́n tó dé Ìbàdàn. Wọ́n tún fara gba ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ọdún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Èrèlè títí di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọ̀kan lára wọn kọ́ iṣẹ́ télọ̀ nígbà náà. Òun ló ń rán aṣọ fún ìdajì kíláàsì báyìí, owó ibẹ̀ ló sì fi ń san owó ilé.

Síbẹ̀, bí ibì kan bá wà tó yẹ kí ènìyàn ti ka Ìtàn ní ilẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni. Ní ọdún 1948 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Eléyẹlé, nínú àwọn ilé tí ilé-ìwòsàn àwọn ológun fi sílẹ̀, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà títí di 1962. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé òyìnbó ló gbà pé ohun tí òyìnbó kọ sílẹ̀ nípa wa nìkan ni ìtàn tí a ní. Kenneth Onwuka Dike kò gbà. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1956 lórí òwò àti ìṣèlú ní agbègbè ẹnu odò Ọya, ó lo ìwé ìjọba, ó sì lo ohun tí àwọn àgbà ibẹ̀ sọ. Òun ló ṣe kòkáárí bí ìjọba ṣe dá National Archives sílẹ̀, òun náà ló sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní 1960. Lára àwọn tó tún sọ Ìbàdàn di ilé àwọn òpìtàn ni Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, àti Bọ́láńlé Awẹ́, ẹni tó kọ̀wé ní 1974 lórí bí oríkì ṣe lè jẹ́ ẹ̀rí fún òpìtàn. Lọ́dọ̀ àwa tí a ka Yorùbá, orúkọ ìyá yìí kì í ṣe àjèjì.

Àbúrò mi mú mi gba iwájú ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá. Orúkọ Kúnlé Adépéjù ni wọ́n fi sọ ilé náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìbọn ọlọ́pàá pa ní ọjọ́ 1 oṣù Èrèlè, 1971, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní jókòó sí ibòji ibẹ̀, wọ́n ń fi fóònù wo bọ́ọ̀lù.

Ibi tí mo tìtorí rẹ̀ wá gan-an ni National Archives, ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, tó wà nínú ọgbà kan náà. Àbúrò mi kúnlẹ̀ kí ìyá tó wà nídìí tábìlì. Ìyá náà dá a lóhùn bí ẹni tó ń rí i lójoojúmọ́: "Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì parí ìwé rẹ?" A kọ nọ́ńbà fáìlì sórí pépà pélébé, a jókòó, a ń retí. Nígbà tí fáìlì dé, òórùn rẹ̀ dà bí ti àpótí aṣọ ìyá àgbà. Etí ìwé náà ti ń rún, àbúrò mi sì ń ṣí i bí ẹni tó ń tú ewé lára ẹ̀kọ gbígbóná.

Ní àwọn ọdún 1930, àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ irú ìwé ìwádìí yìí lórí ọ̀pọ̀ ìlú, kí ìjọba lè mọ ẹni tí yóò tipasẹ̀ rẹ̀ ṣàkóso: ta ló tẹ ìlú dó, ilé wo ló ń jọba, àwọn wo ló ń yan ọba. Ìlú bàbá àbúrò mi wà lára wọn. Ó bẹ̀ mí kí n má dárúkọ rẹ̀, nítorí oyè ṣófo níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Agboolé mẹ́ta ló ń du ú, agboolé bàbá rẹ̀ sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ wọn ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí oyè ìlú náà, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n dá owó fún un, wọ́n ní kó bá àwọn gba ẹ̀dà ìwé òyìnbó náà wá. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé kí ni ìwé náà sọ.

Ohun tó sọ ni pé ilé ọlọ́ba méjì ló wà ní ìlú náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dárúkọ agboolé bàbá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àlejò tí ogun lé wá, tí ọba sì fún ní ilẹ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo béèrè bóyá ó ti sọ fún bàbá rẹ̀, ó mirí pé rárá. Ó wá tọ́ka sí ojú-ewé àkọ́kọ́, níbi tí ajẹ́lẹ̀ ti to orúkọ àwọn tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò: ọba tó wà lórí oyè, ìjòyè mẹ́rin, àti ògbufọ̀ kan.

"Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹnì kankan láti agboolé wa níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni òyìnbó náà lò ní ìlú, ilé ọba ló sì wọ̀ sí."

Ẹ̀kọ́ Ìtàn ló kọ́ ọ ní ìyẹn, pé kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ohun tó ń wá. Ẹ̀kọ́ ìṣèlú ló sì jẹ́ kó mọ̀ pé ìwé náà ti kúrò ní ẹ̀rí lásán, nítorí òun ni wọ́n ti fi ń yan ọba láti bí àádọ́rùn-ún ọdún.

Mo rò pé ó ti rí ọ̀nà àbáyọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti gba oríkì agboolé wọn sórí fóònù lẹ́nu ìyá bàbá rẹ̀, ó sì ní kí n gbọ́ ọ lábẹ́ igi níta. Ohùn ìyá àgbà náà dùn. Ó pe baba ńlá wọn ní ọmọ aládé, ó sì dárúkọ odò kan tó jìnnà réré sí ìlú náà. Oríkì a máa gbé ni ga, a sì tún máa sọ ohun tó lè ti ni lójú; àwa tí a kà á mọ èyí. Mo sọ fún un pé odò yẹn ń gbè lẹ́yìn ajẹ́lẹ̀: ó jọ pé ibòmíràn ni wọ́n ti wá lóòótọ́.

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá ní adé ni wọ́n gbé wá. Àlejò tó gbé adé wá yàtọ̀ sí àlejò tó wá tọrọ ilẹ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pè é. Ohùn rẹ̀ lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa nínú yàrá fi gbọ́ ọ: "Ọmọ mi, ojú-ewé tó dára nìkan ni kó o ṣe ẹ̀dà rẹ̀ o." Àbúrò mi ní, "Mo ti gbọ́, sà," kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A mu gàárì, ìjiyàn bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ wa ní kó sọ pé fáìlì ti sọnù, òmíràn ní kó yí àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ padà. Àbúrò mi rán wọn létí ìwé Alùfáà Samuel Johnson lórí ìtàn Yorùbá, tó parí ní 1897, tó sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah fi ní láti tún un kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, kó tó jáde ní 1921. "Odidi ìwé sọnù, wọ́n tún un kọ. Bí mo bá ní fáìlì yìí sọnù, ẹlòmíràn á wá béèrè rẹ̀ lọ́la, á sì bá a níbẹ̀." Agogo méjìlá lu kí wọ́n tó sùn. Mo gbádùn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo jókòó sí rí lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà lọ san owó ẹ̀dà gbogbo fáìlì náà. Ó kọ lẹ́tà mọ́ ọn ní èdè Yorùbá, ó to orúkọ àwọn tí ajẹ́lẹ̀ bi léèrè àti àwọn agboolé tí kò bi. Ó ní kí n bá òun fi àmì sórí oríkì náà kí òun tó so ó mọ́ ọn. Orí àtẹ̀gùn ilé-ìkàwé tí wọ́n fi orúkọ Dike sọ ni mo ti ṣe é, ó sì gbà mí ju wákàtí kan lọ, nítorí ìyá àgbà náà ń yára sọ̀rọ̀. Ó fi gbogbo rẹ̀ rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí ìlú wọn.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, wọn kò pè é. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e ló fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi: wọ́n ti tún pe ìpàdé, wọ́n sì ní lọ́tẹ̀ yìí, kí òun náà wá jókòó.